Kinní Yìí

Ẹnu mi ni mo fi ń jẹun ní Winnipeg.
Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni mo ń gbé láti èdè kan bọ́ sí èkejì,
bí ẹni gbé abọ́ omi rìn lórí yìnyín.
Wọn ò fẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Òtútù ti wọ ọgbọ̀n nísàlẹ̀ òdo,
irun imú mi le bí abẹ́rẹ́
kí n tó dé yàrá tí Ìyá Mojíbádé jókòó sí,
tòun ti bàtà yìnyín tí ẹnìkan yá a,
tó tóbi débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sọnù nínú rẹ̀.

Ìyáàfin Thiessen tó ń gbọ́ ẹjọ́
bi í pé níbo ló wà lálẹ́ ọjọ́ tí ilé jó.
Ìbéèrè náà kò gùn.

Ìyá ní, “Mo wà ní… kinní yìí…
ìyẹn ni pé, ẹ̀ẹ̀n,
èmi àti… kinní…
ṣé ẹ rí i, kinní yìí.”

Mo túmọ̀ ohun tí mo gbọ́. Òfin ni.
Ìyáàfin Thiessen gbé bírò sókè:
“Kinní wo?”

Háà. Kinní wo.
Kì í ṣe àpótí, kì í ṣe ilẹ̀kùn,
kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì epo tí wọ́n dà sẹ́nu ọ̀nà.
Òkúta ni, tí ẹsẹ̀ ń wá nínú odò
kí ẹsẹ̀ kejì tó lè gbéra.

Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.
Lọ́dún tí mo dé, wọ́n pè mí wá síbi iṣẹ́ kan
ní òpópónà Portage, kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò.
Ìwé-ẹ̀rí mẹ́ta wà nínú fáìlì mi,
“ọ̀ọ̀m” nìkan ló wà lẹ́nu mi.
Mo padà kà á lórí ibùsùn: mọ́kànlélógójì.
Ẹnu yìí kan náà ló máa ń bá onílé wa jà l'Éjìgbò
látàárọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán fi jóná!
Àyà ló jẹ gbèsè, ètè ló ń san án.

Wọ́n ní ká sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
A ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ẹjọ́, nítorí náà
Ìyá bi mí bóyá mo ti jẹun.
Ó ní òtútù ibí yìí bá egungun òun ní ìjà àtijọ́,
ó ní ọmọ-ọmọ òun rí yìnyín, ó pè é ní iyọ̀,
ó bù ú, ó fi sẹ́nu, ó bú sẹ́kún.
Ó ń rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ń ṣàn geere,
n ò gbọ́ kinní kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Nígbà tí a padà wọlé,
kinní yìí ti jókòó dè é lórí àga.

Mo tọrọ àyè, kí n ṣàlàyé fún Ìyáàfin Thiessen
pé ọ̀rọ̀ náà kò dúró fún ohunkóhun,
pé kì í ṣe irọ́ ni obìnrin yìí ń hun,
pé ibi tí ẹ̀rù bá ti há ni ó ń hó bẹ́ẹ̀.
Gbogbo rẹ̀ ti tò lórí mi. Mo la ẹnu.

“Ọ̀ọ̀m,” ni mo wí.
“Ọ̀ọ̀m…”

Ìyá yíjú sí mi, ó rọra mi orí.
Òun tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì
gbọ́ ìyẹn yékéyéké.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé àkọsílẹ̀ ẹjọ́ dé.
Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti gbá gbogbo ilẹ̀ mọ́:
*Mo wà nílé. Èmi àti ọmọ mi ni.*
Ó mọ́ fónífóní, bí títì
tí ọkọ̀ tó ń kó yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì nínú bọ́ọ̀sì,
mo ń wá Ìyá Mojíbádé kiri nínú rẹ̀,
mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ibi tí mo ti máa sọ̀.